Báńjò Kékeré, Orúkọ Ọmọ àti Owó Ìnáwó: Ọ̀rọ̀ lórí Orin Jùjú Àkọ́kọ́ àti Ilé Olórin

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ti ń ṣe orin jùjú bí àlejò tí ó bá wa lójijì nídìí oúnjẹ: a kò lè lé e jáde, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ gbé àga fún un. Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, ìjálá ní àyè tirẹ̀, rárà ní tirẹ̀, ẹ̀sà egúngún àti ẹkún ìyàwó sì ní tiwọn. Bí a bá kan orin jùjú, ìpínrọ̀ kan péré ni a sábà máa ń fún un kí a tó bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Ohun tí ó wá ń ká wa lára jù ni gbólóhùn kan tí a máa ń bá pàdé nínú ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé orin jùjú kì í ṣe ewì gidi nítorí pé torí owó ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, àti pé orúkọ olówó ni wọ́n kàn ń tò sínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò dá gbólóhùn yìí rò. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti gbọ́ ọ, àwa náà ni a sì tún ń fún un ní máàkì nígbà tí ó bá dá a padà fún wa.

Èrò tiwa ni pé gbólóhùn náà kò dúró dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ń wo olórin níbi ìnáwó nìkan, kò wo ilé tí ó ti wá. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó wo àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe orin jùjú ní ìlú Èkó láàrin 1930 sí 1950, pàápàá jù lọ àwọn tí ó ń fi ohun èlò kékeré olókùn ṣe orin wọn. A ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ, ilé ta ni orin náà ń tò, àti ohun tí orin ń gbà lọ́wọ́ ilé ẹni tí ó ń kọ ọ́. A kò ní tú orin ẹnikẹ́ni sí orí ìwé níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ díẹ̀ nínú wọn lè wá àkójọ tí wọ́n ń pè ní Juju Roots, tí ilé-iṣẹ́ Rounder gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985. Ìwé tí Christopher Waterman kọ lórí orin jùjú ní 1990 sì tún wà, iṣẹ́ tí a kò gbọdọ̀ fojú fò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwùjọ ló jẹ òǹkọ̀wé náà lógún ju ọ̀rọ̀ ewì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ti ara ohun èlò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí Àyìndé Bákàrè ní Èkó ní 1912. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ HMV ní 1937, kì í ṣe jìtá ni ó gbé dání. Yukulélè-báńjò ni. Yukulélè fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun èlò olókùn mẹ́rin tí kò ju ohun tí ènìyàn lè fi sí abiyá lọ. Àwọn ará Potogí láti erékùṣù Madeira ni wọ́n gbé baba ńlá rẹ̀ wọ Hawaii ní 1879, nínú ọkọ̀ tí à ń pè ní Ravenscrag. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́ta tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo, bẹ̀rẹ̀ sí kan án tà nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Báńjò ní tirẹ̀, ọwọ́ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti jáde. Ìlù tí a fi ọrùn àti okùn sí ni. Nígbà tí àwọn oníṣòwò wá da méjèèjì pọ̀, ohun tí ó jáde ni ìlù kékeré olọ́rùn yukulélè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni George Formby fi gba ìlú kan láàrin 1930 sí 1940. Bí ó ṣe dé Èkó nìyẹn. Ohun tí ó kúrò ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ́rùn ẹrú padà wá sínú pálọ̀ àwọn Sàró gẹ́gẹ́ bí ọjà òkèèrè.

Kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí ó kan ohùn, ohùn sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tiwa. Okùn mẹ́rin yukulélè sún mọ́ ara wọn gan-an. Kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tí jìtá ní. Bí a bá ń fi ìka ya á, gbogbo okùn ni ó ń dún pọ̀, nítorí náà kò lè tẹ̀lé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa bí gángan tàbí dùndún ti ń ṣe. Ohun èlò náà kò lè pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ohùn olórin láti jókòó lé. Gbogbo ìnira pé kí orúkọ ènìyàn má di orúkọ ẹlòmíràn, ọ̀fun olórin ni ó wà. A gbà pé èyí wà lára ìdí tí ohùn àwọn olórin jùjú àkọ́kọ́ fi máa ń lọ sókè, tí ó sì máa ń le bí okùn tí a fà, tí wọ́n sì máa ń pe ọ̀rọ̀ já gaara. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì àgbà bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ti ń bá ara wọn lò, kò sí ibi tí ó dára ju àwọn àwo àtijọ́ wọ̀nyí lọ. Nígbà tí Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan wọ inú jùjú ní 1948, tí Àyìndé Bákàrè náà sì gbé jìtá oníná ní 1949, iṣẹ́ yìí pín sí méjì: ìlù náà bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀fun ti lè sinmi díẹ̀, etí wa kò sì tún gba ohun tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀.

(Ní ti orúkọ náà, jùjú, gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn pé láti ara ìlù kékeré tí ẹni tí ó ń bá Túndé King lu ìlù máa ń jù sókè tí ó sì ń hán ni ó ti wá. Ní Hawaii náà, wọ́n ń sọ pé eégbọn tí ń fò ni ìtumọ̀ yukulélè. Àlàyé irú èyí dùn létí. Kí olùkọ́ má fi kọ́ ọmọ bí ẹni pé ó ti dájú.)

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ àwọn olórin wọ̀nyí. Ó yà wá lẹ́nu pé a kò tí ì rí ẹni tí ó tẹnu mọ́ ọn. Àyìndé, oríkì ni, irú èyí tí ìyá fi ń kí ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀, tí ìyá àgbà fi ń pè é nígbà tí ó bá fẹ́ rán an níṣẹ́. Bàbátúndé, tí Túndé King ń jẹ́, ń sọ pé bàbá àgbà kan ti lọ kí ọmọ náà tó dé. Kẹ́hìndé ni K tí ó wà nínú I. K. Dáìró, orúkọ àmútọ̀runwá ni, ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìbímọ. Rẹ̀mílẹ́kún Àrẹ̀mú wà lára orúkọ Ebenezer Obey, àbísọ kan àti oríkì kan, èkíní sì ń sọ pé ẹnì kan nínú ilé náà ti sunkún rí. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí ó jẹ́ orúkọ ọjà. Orúkọ ilé ni wọ́n. Ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀, tí kò ní ọba tí ó ń kọrin fún tàbí ìjọ tí ó ń san owó oṣù fún un, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nínú yàrá ni ó gbé jáde lọ fi wá oúnjẹ. Nígbà tí ó pẹ́, oyè àti àpèlé ńláńlá gba iwájú orúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ rò pé King tí ó wà lára orúkọ Túndé jẹ́ oyè bíi ti King Sunny Adé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìdílé Sàró ni, ó bá a nílé bàbá rẹ̀ ni.

Ohun kan náà ni olórin ń ṣe fún ẹni tí ó ń kọrin kí. Ọ̀kan nínú àwọn àwo Túndé King ń jẹ́ Aronke Macaulay. Ẹ jẹ́ kí a tún àkọlé yẹn kà. Oríkì obìnrin ni apá kìíní, ọmọ ìyá Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́ àti Àṣàkẹ́. Apá kejì jẹ́ orúkọ ìdílé tí a mọ̀ mọ àwọn Sàró Èkó, àwọn tí ó ń jẹun lórí tábìlì, tí ó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú pálọ̀. Olórin kò pe obìnrin náà ní Mísíìsì. Orúkọ tí ó lè mú un rántí orí itan ìyá rẹ̀ ni ó fi pè é, níwájú àwọn àlejò tí ó mọ̀ ọ́n sí ọmọ Macaulay nìkan. Bí èyí kì í bá ṣe ọgbọ́n ewì, a kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Òun náà ni onírárà ń ṣe nígbà tí ó bá mú ọba kúrò lórí ìtẹ́ tí ó sì fi í sí àárín àwọn bàbá ńlá rẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti wá kọ́ ọgbọ́n yìí? Ìdáhùn tí a sábà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé lọ́dọ̀ àwọn onírárà àti àwọn onílù ni. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ Karin Barber lórí oríkì ní Òkukù, tí ó jáde ní 1991, yóò rí i pé ọwọ́ àwọn obìnrin ilé ni oríkì wà jù lọ: àwọn ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá àti àwọn ọmọ-osú, tí wọ́n ń kì í nígbà ìkómọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Iṣẹ́ ilé ni. Obìnrin a máa gún iyán, a máa pọn ọmọ, a sì máa kì, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní olórin. Ẹkún ìyàwó tilẹ̀ le ju èyí lọ. Ọmọbìnrin a fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ọ, a gbé e jáde ní ọjọ́ tí ó ń lọ ilé ọkọ, iṣẹ́ akéwì rẹ̀ a sì parí síbẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí ìgbésí ayé ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A ti fi ẹkún ìyàwó ṣe ìbéèrè nínú ìdánwò lọ́pọ̀ ìgbà. A kò rántí pé a ti béèrè lẹ́ẹ̀kan rí ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ kan ni ayé mọ àwọn akéwì wọ̀nyí mọ.

Ohun tí olórin jùjú ṣe, nígbà náà, ni pé ó mú ohun tí obìnrin ń ṣe nínú ilé láìgbowó, ó gbé e lọ sí pálọ̀ ẹlòmíràn, ó sì ń gba owó. A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ìlú ń yí padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbé Èkó nígbà náà jìnnà sí agbo ilé bàbá wọn, àwọn obìnrin tí ó yẹ kí ó kì wọ́n kò sí nítòsí. Ẹni tí ó bí ọmọ sí yàrá àyágbé nílò ẹni tí yóò pe ọmọ náà ní orúkọ ilé níwájú àwùjọ. Ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú báńjò kékeré, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú, wọ inú yàrá náà, wọn kò sì gba àyè púpọ̀. Ibẹ̀ ni kíkéré ohun èlò náà ti wúlò jù lọ. Awọ tí ó wà lára rẹ̀ mú kí ó dún jáde láàrin ariwo láìlo iná mànàmáná, síbẹ̀ ọkùnrin kan lè fà á dání rin láti àdúgbò kan sí èkejì lẹ́yìn tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Lẹ́yìn tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ni a wí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni ó ní iṣẹ́ mìíràn lójúmọ́. Akọ̀wé wà nínú wọn, oníṣẹ́-ọwọ́ sì wà. I. K. Dáìró, tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ní 1930, ṣe onígbàjámọ̀, ó sì kiri aṣọ, kí orin tó gbà á pátápátá. Ìlù tí bàbá rẹ̀ kàn fún un ní kékeré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1963, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá a lọ́lá, ọbabìnrin ni kí a sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ kò kúrú. Owó tí ilé-iṣẹ́ àwo ń san nígbà náà kò tó bọ́ ìdílé. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú olórin lálẹ́ ọjọ́ ìnáwó ni ó tó nǹkan, òun náà kò sì dá lé e lórí: òní lè pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá láìsí ìpè. Olórin tí ó ní ìyàwó àti ọmọ a máa ṣírò èyí. Orúkọ tí ó bá pè dáadáa lálẹ́ ni ọmọ tirẹ̀ yóò jẹ ní àárọ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe àléébù orin, kí ó sọ fún wa irú èrè tí onírárà ń gbà, àti ohun tí ó ń bẹ nínú apó àwọn alárìnjó nígbà tí wọ́n bá kúrò ní ìlú kan. Owó kò fìgbà kan jìnnà sí ewì alohùn wa.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni orin ń bá ilé ṣírò. Òru ni ìnáwó. Olórin ń kọrin ìkómọ nílé ẹlòmíràn títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń gbàdúrà pé kí àbíyè wà, kí bàbá ọmọ rí ọmọ tọ́, kí ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín, ní wákàtí tí ẹnì kan nílé tirẹ̀ ń dá rẹ ọmọ tí kò sùn. Nínú àwọn orin tí a ti gbọ́, aya oníbàárà ni a sábà ń kì. Ìyàwó olórin fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú wọn. Olórin a dárúkọ ara rẹ̀ dájúdájú, nítorí pé kò sí ọ̀nà ìpolówó mìíràn. A dárúkọ bàbá rẹ̀. A dárúkọ àwọn tí ó ń gbè fún un. Ẹni tí ó gbé oúnjẹ rẹ̀ bò di ìgbà tí yóò dé ni kò ní ìlà kankan. Ojú tí ó bá ń ka ewì gbọ́dọ̀ rí ohun tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a kọ sílẹ̀. A gbà pé ìdákẹ́ yìí ni àléébù tí ó tóbi jù nínú orin jùjú àkọ́kọ́, ó sì ju ti owó tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí lọ fíìfíì.

Túndé King fúnra rẹ̀ fi ìlú sílẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ó bá lọ ní nǹkan bí ìgbà tí ogun Hitler ń bẹ̀rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 1954 kí ó tó padà wá sí Èkó. Àwo tí ó ṣe kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ọ ti ń ṣe bí ó ti ń ṣe, Àyìndé Bákàrè sì wà lára àwọn tí ó kọ́ lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin ń dàgbà ní iye náà kan ọ̀rọ̀ ilé. Ní 1935, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ́. Nígbà tí a fi dé àádọ́rin ọdún ọ̀rúndún tó kọjá, ẹgbẹ́ ńlá lè ní ọkùnrin mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí olórí wọn ń pèsè aṣọ fún, tí ó ń gbà wọ́n sílé, tí ó ń parí ìjà wọn. Wọ́n ń pè é ní ọ̀gá, òun náà ń pè wọ́n ní ọmọ. Agbo ilé kejì nìyẹn. Bí a bá wo bí a ti ń lé orin àti bí a ti ń gbè é, a ó rí i pé bí bàbá ti ń sọ̀rọ̀ tí ilé ń dáhùn ni orin náà ti rí: ohùn kan ń lé, ohùn púpọ̀ ń gbè. Ọkùnrin tí ó ní agbo ilé méjì, ẹ ó gbà pẹ̀lú wa pé ọ̀kan ni yóò máa rí i ju èkejì lọ.

Ibì kan wà tí a ti fara mọ́ àwọn aṣòdì sí orin jùjú. Àwo àtijọ́ olójú méjì tí ń yí ní ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kọ̀ọ̀kan. Olórin kò ní àyè láti to orúkọ bí ẹni to igi ìdáná. Ó ní láti mú ẹnì kan, kí ó pe oríkì rẹ̀, kí ó dárúkọ bàbá tàbí ìyá, kí ó fi àdúrà kan dì í, kí ó jẹ́ kí okùn dún díẹ̀, kí ó sì parí. Ìgbà tí àwo ńlá dé tí ojú kan gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni títò bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Àyè yẹn ṣe wá lóore kan: a kò bá má rí ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Obey sọ ní orin, èyí tí àwọn ọmọ wa fi mọ ohun tí à ń pè ní orin onítàn. Ṣùgbọ́n ó tún fún ọ̀pọ̀ ní àyè láti pe ogún ènìyàn láìsọ ohun kan tí ó jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí a pe Lágbájá, kí a pe aya rẹ̀, kí a pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti mọ́tò rẹ̀. Èyí kò yẹ ní máàkì. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n san owó, bí kò ṣe nítorí pé orúkọ tí a lè fi òmíràn rọ́pò kí orin má yí padà kò ṣe iṣẹ́ kankan nínú orin náà. Òṣùwọ̀n tí a ń wá nìyẹn, ó sì rọrùn láti lò: ẹ yọ orúkọ náà kúrò, ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan bàjẹ́.

Fún ìfiwéra, ẹ rántí Alùfáà Josiah Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta, tí ó lọ gba orin sínú àwo ní London ní 1922 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, orin mẹ́tàlélógójì. Ó ní ìjọ, ó ní ilé tí ìjọ fún un, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì dàgbà sínú orin. Kò sí ohun tí ó lé e jáde lóru. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé orin rẹ̀ kò nílò kí ó pe olówó kankan. Ipò ẹni ń hàn nínú ewì ẹni. A kò sì gbọdọ̀ fi ti ẹni tí ó ní owó oṣù dá ẹni tí kò ní lẹ́jọ́.

Ní ti àwọn obìnrin tí ó wá di olórin fún ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn tó iṣẹ́ mìíràn lọ́tọ̀. Bàtílì Àlàkẹ́ gbé wákà jáde kúrò nínú àjọ̀dún àwọn Mùsùlùmí sí orí àwo. Sàláwà Àbẹ̀ní ti ṣe àwo tirẹ̀ ní 1976, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tí ì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Queen Ọládùnní Decency sì gbé jìtá láàrin àwọn ọkùnrin jùjú. Ìbéèrè tí a kì í bi ọkùnrin olórin ni gbogbo ayé ń bi wọn: ta ni ó wà pẹ̀lú ọmọ lóru?

Lónìí, ẹni tí ó ń dá orin tirẹ̀ ṣe lè gbà á sínú fóònù nínú yàrá rẹ̀, kí ó sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́. Yukulélè onígi tí kò ní awọ báńjò ti wà káàkiri; kì í pariwo, ìyá tàbí bàbá lè ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láìjí ọmọ. Àwọn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní láti lọ sí pálọ̀ ẹlòmíràn kí wọ́n tó kọrin. Ohun tí ó ti ilé jáde ní nǹkan bí 1930 ti tún ń wọlé padà, ìdákẹ́ tí a sọ nípa rẹ̀ lókè sì ti ń já díẹ̀díẹ̀: a ń gbọ́ orin tí olórin fi ń kọ sí ọmọ tirẹ̀, tí igbe ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀. Orin ìrẹmọlẹ́kún tí a ti ń kọ́ láti kíláàsì kìíní kò jìnnà sí èyí.

Nítorí náà, a dábàá pé kí àwọn tí ó ń ṣe ìbéèrè ìdánwò fi ìbéèrè pé ṣé orin jùjú jẹ́ lítíréṣọ̀ tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìdáhùn àkọ́sórí ni ó ń bí. Ẹ jẹ́ kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orin méjì: ọ̀kan tí ó gbà lẹ́nu ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ nínú ilé, ọ̀kan tí olórin jùjú kọ níbi ìnáwó. Kí ó sọ àwọn orúkọ tí ó wà nínú méjèèjì, irú orúkọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, àti ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà. Ẹni tí ó bá lè dáhùn apá tí ó kẹ́yìn yìí pẹ̀lú ẹ̀rí láti inú orin, kí ẹ fún un ní ìdajì máàkì ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tó yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò.